Gwilym àti Káráfáànù Inú Ẹrẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Emlyn,

Ẹ kú àjò New Zealand o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ní Wales níbí, Nesta ọmọ wa ti bí obìnrin, eyín tó ń dùn mí ti fúyẹ́, òjò ò sì tíì dá.

Ọ̀rọ̀ Gwilym àbúrò yín ti sú mi! Káráfáànù wa, ilé tí ọkọ̀ ń wọ́ kiri, rì sínú ẹrẹ̀ lóko Hefin, níbi tí a lọ pàgọ́ sí. Hefin ní òun á fi katakata fà á, lọ́fẹ̀ẹ́. Gwilym ní, "Katakata kẹ̀? Ọwọ́ ni bàbá mi fi ń ti tiẹ̀!" Ló bá ń tì í. Àwọn tó pàgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ife tíì jáde wá wòran.

"Gwil, tì í sósì!"

"Irọ́ ni, ọ̀tún ni!"

Ẹ̀gbọ́n, dókítà ti ní kò gbọdọ̀ ti nǹkan wúwo mọ́. Ọkàn rẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ tí kò gbà, mo yọ́ lọ fa búréèkì ọwọ́ káráfáànù náà kó má baà yí, kó lè sú u. Kò sú u! Ó ń tì í títí ó fi dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó ní kí Hefin máa bọ̀. Mo sáré tú búréèkì.

A tún ń lọ pàgọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ̀yin nìkan ló ń bẹ̀rù. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ẹ má dárúkọ búréèkì o. Tí kò bá gbọ́ tiyín náà, mo tún máa fà á.

Èmi ni, Eirlys, ìyàwó yín.