Ọ̀bọ Tó Ṣí Ìka Mi

Bàbá mi, ẹni tó bí mi,

Àbẹ̀kẹ́ ló ń bá mi kọ ọ́, ìyàwó Ràímì ọmọ mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti lọ kó tó wọlé wa. Tíṣà ni ní Jikpan, ó sì mọ Yorùbá kọ sílẹ̀ dáadáa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Inú yàrá mi ní Sauka Kahuta, ní Minna níbí, la wà, a sì ti ti ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nínú ilé yín ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Orúnkún mi ọ̀tún tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí ẹ ti wà láyé, Ràímì gbé mi lọ sí Íńdíà, wọ́n là á, wọ́n fi irin sí i. Mo ti ń rìn. Bí mo bá ń kírun, orí àga ni mo ń jókòó sí, nítorí irin yẹn kì í tẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ má bínú.

Àbẹ̀kẹ́ yìí bí ìbejì, Bàbá. Ọkùnrin làwọn méjèèjì. Hassan àti Hussaini làwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe èmi àti Kẹ́hìndé ní Hassana àti Hussaina láyé ìgbà yẹn. Hausa ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí mo bá ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á máa wo ẹnu mi bí ẹni pé rédíò ló ń sọ̀rọ̀.

Oko yín ní Chanchaga, tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Ràímì ló ń dá a báyìí. Àgbàdo ló gbìn sí i títí dé etí odò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àgbàdo. Àwọn ọ̀bọ sì ti ń wọ̀ ọ́. Ó ti bẹ ọdẹ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mai Bindiga, nítorí ìbọn rẹ̀, pé kó wá yìn ín fún wọn lọ́la. Àwọn ìbejì sì ti bẹ ọdẹ náà pé kó gé ìrù wá fún àwọn. Ìrù méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí, mo pe Àbẹ̀kẹ́ wọlé pé kó mú bírò wá. Ẹ mọ ìdí kan. Ìdí kejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Íńdíà, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n tú okùn ojú ọgbẹ́ mi tán, dókítà ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan tó ń dáná nílé tí a wọ̀ sí, Sunita lorúkọ rẹ̀, mú èmi àti Ràímì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin òrìṣà wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ràímì dúró lẹ́nu géètì, kò wọlé.

“Màmá, ilé òrìṣà ni. Ẹ má wọ ibẹ̀.”

“Ṣé mo ní mo fẹ́ sìn ín ni? Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ dán wò.”

“Haba, Màmá! Alhaja bíi tiyín?”

“Ó dáa, dúró síbẹ̀ kí o máa ṣọ́ bàtà mi.”

Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ó dúró, ó ń ṣọ́ bàtà.

Bàbá, ọ̀bọ ló kún inú ibẹ̀. Wọ́n wà lórí ògiri, wọ́n wà lórí òrùlé, wọ́n ń gba àárín ẹsẹ̀ èèyàn kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í sọ òkò sí wọn. Sunita ò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀bọ kan, ó tọ́ka sókè, ó wá fọwọ́ lé àyà. Ó yé mi pé ti òrìṣà wọn ni. Ó bu ẹ̀wà sísè sí mi lọ́wọ́, irú ẹ̀wà róbótó kan tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, pé kí n fún wọn.

Ẹ̀wà, Bàbá. Ta ló sọ fún àwọn ará ọ̀hún? Ìyá wa máa ń se ẹ̀wà fún èmi àti Kẹ́hìndé nítorí pé ìbejì ni wá, ẹ̀yin á sì ṣe bí ẹni tí kò rí ìkòkò lórí iná.

Abo ọ̀bọ kan, arúgbó, tí irun ọrùn rẹ̀ ti re, fi àwọn yòókù sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí lórí pèpéle. Mo di ọwọ́ mi pa mọ́ ẹ̀wà. Ó mú ọwọ́ náà, ó ṣí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ kejì, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ṣí òun náà, ó wò ó.

Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá wa bá pín ẹran tán? Ẹ mọ̀ ọ́n. Kẹ́hìndé ò gbà rí pé tèmi kò tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni yóò ṣe.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Ọ̀bọ náà gbé ojú sókè, ó wò mí, ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó lọ.

Mi ò sọ pé Kẹ́hìndé ni. Kẹ́hìndé kú, ẹ̀yin lẹ kírun sí i lára, mo sì rí ibi tí ẹ gbé e sí. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé Minna, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, tí mo bomi sọ́wọ́, ìka kan á máa ṣí ọwọ́ mi. Omi á dà nù. Àbẹ̀kẹ́ rò pé ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo mọ ìka yẹn.

Ọdún tí ẹ gbin àgbàdo sí etí odò yẹn, tí ọ̀bọ ń wọ̀ ọ́, ìyá wa bẹ̀ yín. Ó ní ẹni tó bí ìbejì kì í pa ọ̀bọ, nítorí ọmọ ẹdun ni àwọn ìbejì. Ẹ ní Mùsùlùmí ni yín, ọ̀rọ̀ kèfèrí nìyẹn. Ẹ tún ní ọ̀bọ lásán lèyí, kì í ṣe ẹdun. Ìyá wa ní ṣé ẹ ó bi í léèrè orúkọ kí ẹ tó yìnbọn ni. Ẹ yìn ín. Ẹ gbé e wálé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere yín, apá rẹ̀ ń fì. Kẹ́hìndé sáré pàdé yín, ó di ọwọ́ ọ̀bọ náà mú, ó ṣí ìka rẹ̀ wò. Hóró àgbàdo wà níbẹ̀. Kí àgbàdo ọdún yẹn tó gbẹ, ibà ti gbé Kẹ́hìndé lọ.

Láti ìgbà náà, iṣu lẹ ń gbìn, iṣu títí tí ẹ fi kú. Ẹ ò jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́. Ẹ ní ẹni tó bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ yóò jáde nílé yín. Bí ẹ ò bá gbà á gbọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń gbin iṣu? Bí ẹ bá gbà á gbọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Mo bi yín nígbà àìsàn tó gbé yín lọ. Ẹ yíjú sí ògiri.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń bu búrẹ́dì sí méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ó wá rántí, ẹ ó kó méjèèjì fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ọmọdé ni mí, ebi ń pa mí. Ẹ kì í wò mí nígbà tí mo bá ń jẹ ẹ́.

Mi ò bínú sí yín, Bàbá. Bóyá ọmọ náà ìbá kú náà ni; ọmọ púpọ̀ ló kú lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n Ràímì rò pé ọ̀lẹ ló mú kí bàbá òun àgbà fi etí odò sílẹ̀ láìgbin àgbàdo. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní àìsọ.

Àbẹ̀kẹ́ ti dáwọ́ dúró.

“Màmá, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi lẹ ń sọ yìí?”

“Ti ta tún ni? Nu omijé ojú rẹ, ìwé ti ń tutù.”

Mo ti rú òfin yín, ó ti tán. Bó bá jẹ́ irọ́, àgbàdo nìkan la pàdánù. Bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́? Nígbà tí a pín ogún yín, alfa ní òkú kì í jogún, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n oko ti di tèmi báyìí, mo sì ti fún Kẹ́hìndé ní etí odò. Ohun tó bá wá jẹun níbẹ̀, kó jẹun. Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bọ náà fúnra yín. Kò yẹ kó jẹ́ èmi ni n ó máa sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fún yín. Mo fẹ́ràn yín. Ẹ mọ̀ pé mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni Táyé yín.

Àbẹ̀kẹ́, má tíì pa bírò dé. Ràímì ni kí o kọ́kọ́ kà á fún, báyìí báyìí, pálọ̀ ló wà. Bó bá fẹ́ bá ọ jiyàn, ní kó wá bá mi. Kó pe Mai Bindiga lórí fóònù níṣojú rẹ, kó ní kó má wá. Lẹ́yìn náà, pe àwọn ìbejì. Hausa ni kí o fi sọ ọ́, kó lè yé wọn. Sọ fún wọn pé wọ́n ní ìyá àgbà kan, ìkejì mi, tí kò ga jù wọ́n lọ.