Má Fọ Ẹ̀gbà Màámi Tó Kù

Dorcas,

Mo ti ń lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀la ni mo máa padà dé. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù.

Láàárọ̀ yìí, mo bá ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà Màámi kan nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú tí o rẹ ẹ́ sí. Ta ló ní kí o fọ fàdákà bí ẹní fọ ìkòkò idẹ? Ọnà ara rẹ̀ ti ń parẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kó dán nítorí àdúrà ọdún kan ikú wọn ní Sátidé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tó wà lórí tábìlì ni kí o fi parí ẹ̀, kí o sì nù ún gbẹ.

Èyí tí o ò tíì fọ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi aṣọ wé e. Má fọ ìyẹn. Dúdú inú ọnà rẹ̀ yẹn, òrí àti kànáfùrù tí Màámi fi ń pa ọwọ́ nígbà ọyẹ́ ni. Mo gbé e sí imú, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń de bọ́tìnnì ọrùn yúnífọ́ọ̀mù mi. Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́ fi lọ láìgbé mi.

Má bínú pé mo pariwo mọ́ ẹ lórí fóònù láàárọ̀. Bí àárò wọn bá sọ ẹ́, tú aṣọ náà, gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀, kí o tún un wé. Má gbóòórùn rẹ̀ tán o. Bá mi ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Ọmọ́wùnmí, ẹ̀gbọ́n ẹ