Awẹ́ Mẹ́ta Nínú Àpò Ọkọ Mi

Kọ́bọ̀ méjì ni mò ń ta obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin lọ́jà Èbúté Èrò. Aláwẹ́ mẹ́ta, kọ́bọ̀ kan, nítorí ta ni yóò gbé aláwẹ́ mẹ́ta lọ síbi ìdána, àfi ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé òun padà. Ẹ má tíì bi mí pé kí ni obì ń wá nínú ìjẹ́wọ́, ẹ máa bá mi bọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi kiri Ìsàlẹ̀ Èkó, torí gbogbo wa la jọ ń to korobá sídìí ẹ̀rọ omi kan náà... Mo ba ààwẹ̀ ọkọ mi jẹ́. Òun kò mọ̀. Àbí ó mọ̀? Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ló ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí títì, agogo ara ògiri wà lókè orí rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn oúnjẹ ni. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ mi, ìyá mi ní kí n má bẹ̀rù ọkùnrin tó ń jẹun, pé èyí tí kò bá jẹun nílé mọ́ ni kí n bẹ̀rù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tó ti ń lọ sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn Apọ́ngbọ̀n, àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà. Èmi ò bínú, ọkùnrin tí kò wọ bàtà kò lè gbàgbé bàtà sábẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó ní òun ń gbààwẹ̀. Ọjọ́rú, ààwẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ààwẹ̀. Mo se ọbẹ̀ tí ará ilé kẹta ń gbóòórùn, ó ní kí n bò ó mọ́lẹ̀. Mo béèrè ohun tó ń tọrọ, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti Olúwa òun ni. Mo ní Olúwa náà ńkọ́, àdúgbò wo ló ń gbé, ṣé ó ga àbí ó kúrú? Ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ìyá Sàlámọ̀, ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, ìmàle paraku, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìwọ ìyàwó yìí, ààwẹ̀ tiwa, òṣùpá la máa ń rí ká tó bẹ̀rẹ̀, ti ọkọ rẹ yìí, kí lòun rí? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá, ẹ̀rín náà kò bá mi wọlé. Lóòótọ́, kí ló rí? Ta ló rí? Kí ló dé tó ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́? Kí ló dé tó ń kọrin lábẹ́ imú? Ẹni tébi ń pa, ṣé ó máa ń kọrin?

Ọjọ́ Ajé kan, mo fẹ́ fọ ẹ̀wù rẹ̀, mo tọwọ́ bọ àpò, mo bá ìwé pélébé kan níbẹ̀. Mo mọ̀wé díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti kọ́ ọ, mo lè to lẹ́tà pọ̀, ibi tí kò bá yé mi màá fi tèmi dí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ibi tádìyẹ ti tan ilẹ̀: Gba awe meta yi. Ma je ki iyawo re mo. Ni ojo keta ayo yio de. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ Iya.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí la obì, kí lẹ fẹ́ kí n kà? Awẹ́ mẹ́ta ni mo kà. Gba awẹ́ mẹ́ta yìí. Obì tó pé, awẹ́ mẹ́rin ló ní. Bí ẹnì kan bá fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọkọ yín, níbo ni ẹ̀kẹrin wà? Ó wà lẹ́nu ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó ń rún un díẹ̀díẹ̀, ó ń rántí ọkọ yín. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀, ìyẹn kò ní ìtumọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ayébáyé. Ní ọjọ́ kẹta, Ayọ̀ yóò dé. Ta ni Ayọ̀? Mo ka gbogbo Ayọ̀ tí mo mọ̀ láti Ìdúmọ̀tà títí dé CMS. Ayọ̀ tó ń ta búrẹ́dì, ó ti dàgbà jù. Ayọ̀ ìyàwó alápatà, ta ló fẹ́ kú? Ó wá ku Ayọ̀ tí mi ò mọ̀, òun ló sì burú jù. Iya tó wà nísàlẹ̀ ìwé ńkọ́? Ìyá Ayọ̀ nìyẹn. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fi obì ránṣẹ́, àfi bíi pé ọkọ mi ni ìyàwó... Mo dá ìwé náà padà sápò. Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ààwẹ̀ tó le jù tí ẹnikẹ́ni gbà nílé wa lọ́dún yìí.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò fẹnu kan omi títí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tó bá lu mẹ́fà, á fi ẹ̀kọ tútù ṣínu, á gba ilé àdúrà lọ. Ọjọ́ kìíní mo lọ sọ́jà, ọjọ́ kejì mo lọ sọ́jà, ọjọ́ kẹta tí Ayọ̀ yóò dé, mo ní orí ń fọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo ọkùnrin yìí láti inú yàrá. Tó bá rán ìlà kan, á wo títì. Á wo agogo. Á tún wo títì. Ṣé Ọlọ́run ló fẹ́ gba títì wá ni? Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sẹ́ni tó lè fi oòrùn mọ àkókò. Mo wá rò ó pé, bí àdéhùn wọn bá jẹ́ lẹ́yìn agogo mẹ́fà, tí mo bá jẹ́ kó débẹ̀ ṣáájú, òun á dúró de obìnrin náà, èmi á sì dúró de àwọn méjèèjì. Nígbà tó lọ sẹ́yìnkùlé, mo gun àpótí, mo ṣí gíláàsì agogo, mo fi ìka ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú ní wákàtí kan. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Kò le ju kéèyàn yí ọmọrí ìkòkò lọ.

Bí agogo wa ṣe lu mẹ́fà, tó jẹ́ pé márùn-ún ni lójú Ọlọ́run, ọkọ mi wo títì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣínu. Ẹ̀kọ kan ṣoṣo, kò sì jẹ ẹ́ tán. Mo ní áà, ikùn ń retí nǹkan mìíràn. Ó ní kí n sinmi, ó jáde. Mo la obì kan, mo ju awẹ́ kan sẹ́nu kí àyà mi lè balẹ̀, mo di mẹ́ta tó kù mọ́wọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀lé e nínú òjò.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà yẹn, mo gbọ́ ohùn obìnrin. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ló dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá arúgbó kan jókòó níwájú rẹ̀. Mo da awẹ́ mẹ́ta náà sí ìyá yẹn lẹ́sẹ̀, mo ní ẹ gba ẹrù yín, èyí tó kù wà lẹ́nu ta ni, Ayọ̀ dà, ẹ ní kó jáde wá kí n rí i. Ìyá náà mú awẹ́ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wò mí, ó wá la ẹnu. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀. Òkè kò sí, ìsàlẹ̀ kò sí. Ó ní, ọmọ mi, bí mo bá ní ohun tí mo lè fi jẹ obì, ṣé ọkọ rẹ ni màá fún?

Ààwẹ̀ ni ìyá kọ. Ààwẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan lóòjọ́. Ayọ̀ tó kọ, ayọ̀ inú ọkàn ni. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ní kí ọkọ mi má sọ fún mi nítorí ààwẹ̀ tí èèyàn bá ti ń pariwo rẹ̀ kiri ti gba èrè rẹ̀ lójú títì, àti pé ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní bí mo bá gbọ́ ọ láàárọ̀, kò ní í tó ọ̀sán kí Èbúté Èrò tó gbọ́. Èyí, mi ò lè jiyàn rẹ̀. Ọkọ mi dìde jókòó, ó nu imú, ó wá tú u sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìwé kan ń wá télọ̀ tí yóò rán ogóje aṣọ ọmọ ilé ìwé. Tíṣà wọn ní ọjọ́ kẹta yẹn lòun yóò gbé aṣọ wá, kí agogo mẹ́fà tó lù, bí òun ò bá sì wá, a jẹ́ pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ yẹn ló fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn fún mi, nítorí òjò ń pa mí lọ́jà, gbogbo òjò tó bá sì pa mí, ó ní ńṣe ló máa ń pọ́n ẹnu mi bí ẹní pọ́n ọ̀bẹ. Ó ní ṣùgbọ́n agogo mẹ́fà ti lù, tíṣà kò wá, Ọlọ́run ti dáhùn.

Agogo mẹ́fà ti lù... Èmi tí mo mọ̀ pé kò tíì lù ńkọ́? Mo ní mò ń lọ gbé omi kaná. Mo sáré. Ìdajì ọ̀nà ni mo dé tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì CMS fi lu mẹ́fà, mo kà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá mi láyà. Ṣé òun náà gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí? Ìyá Sàlámọ̀ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tíṣà kan wá, ó di aṣọ búlúù rẹpẹtẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó kan ilẹ̀kùn wa títí ọwọ́ fi dùn ún, ó ní wọ́n sọ fóun pé télọ̀ yìí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ. Òun sì júwe télọ̀ òpópónà kejì fún un, kí òjò má baà ba aṣọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo wọlé, mo dá ọwọ́ agogo padà kí ọkọ mi tó dé.

Nígbà tó dé, ó bi Ìyá Sàlámọ̀ pé agogo mélòó ni tíṣà wá. Ìrun ni Ìyá Sàlámọ̀ fi ń ka àkókò, ó ní àwọn ti kí alásárì, wọn ò tíì pe mọ̀gàríbì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi lọ bá tíṣà. Tíṣà ní agogo márùn-ún àbọ̀ lòun dé, kò bá ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọkọ mi búra pé òun wà nílé títí di mẹ́fà. Ó padà wálé, ó dúró de agogo CMS, ó fi ti ògiri wa wé e. Méjèèjì bára mu rẹ́gí. Ó ní a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló bo òun mọ́ tíṣà lójú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje láti bi Ọlọ́run pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún. Ó ti fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ gba ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́nú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo mọ èsì tó ń wá, èmi ni mò ń bu omi ìwẹ̀ fún un.

Àbí ó mọ̀? Lánàá, ó gun àpótí, ó ń nu agogo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta obì, ẹ mọ̀ pé oje rẹ̀ máa ń pọ́n mọ́ ìka. Àpá ìka mi wà lára gíláàsì yẹn, ìka kan ṣoṣo, pupa rúsúrúsú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ọwọ́ mi, mo ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ó nu òkè, ó nu ìsàlẹ̀, ó nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi ìka náà sílẹ̀. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó bi mí pé, ìyàwó mi, agogo mélòó lo rò pé ó lù? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú agogo ló ń bi mí ní agogo. Kí ló fi béèrè? Kí ló dé tí kò nù ún? Ṣé Ọlọ́run ló ń gbààwẹ̀ yìí sí, àbí èmi?

Ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á pè é ní àdúrà tó gbà, wọ́n á máa fi mí jẹ́rìí nílé àdúrà títí mo fi kú, ìyẹn bí ọkọ mi bá lè dárí jì mí. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, ọjọ́ méje á ti pé, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n gun àpótí lọ nu ìka mi kúrò? Ó ṣe tán, mo ti ṣírò rẹ̀. Ogóje aṣọ, ṣílè méjì àbọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan péré ni mo fi ìka tì síwájú. Iye tó bá a lọ ni pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún àti ṣílè mẹ́wàá.