Orúkọ Amọ̀kòkò Nínú Iṣẹ́ Àdùkẹ́

Kábálà Costain, Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta

Ọ̀la ni Àdùkẹ́ ọmọ mi yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí yóò fi hàn wọ́n ni ìkòkò amọ̀ tó ń sẹ́ omi ẹrẹ̀ di omi mímu.

Òun mọ ohun tó wà nínú amọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà mọ kòkòrò inú omi, síbẹ̀ ọdún méjì ni ìkòkò náà fi ń sán nínú iná. Màmá Làrábà, amọ̀kòkò ní Tudun Wada, ló tẹ amọ̀ yẹn láàárín ìka méjì, tó ní kò tíì sinmi tó, kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó fún oṣù kan. Wọ́n bò ó. Kò sán mọ́.

Ọ̀gá Àdùkẹ́, alága ìgbìmọ̀ náà, wá kí wa lọ́sàn-án. Ó kọ́kọ́ ka gbogbo oyè rẹ̀ fún èmi tíṣà, bí ẹni pé mò ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà kíláàsì. Ó wá kọjú sí Àdùkẹ́:

"Dókítà, ẹ yọ orúkọ ìyá yẹn kúrò nínú iṣẹ́ yín. Wọ́n á ní amọ̀kòkò ló bá yín ṣe é."

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló wá bá a ṣe é?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ àwa ọ̀mọ̀wé lèyí."

Mo mọ irú rẹ̀ ní kíláàsì dáadáa: ẹni tó wo ìwé ẹlòmíràn, tó wá fi apá bo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ìgbéga ọmọ mi wà.

Mo ń gbọ́ ohùn Àdùkẹ́ báyìí ní pálọ̀, lórí fóònù. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá ni. Hausa ló ń sọ: "Màmá, mo máa wá gbé yín ní agogo méje àárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ti amọ̀ fún ìgbìmọ̀."

Mo lè jáde lọ kìlọ̀ fún un. Mo jókòó.