Màmá Ń Sùn

Màámi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti kọ lẹ́tà kan sí yín ní orúkọ mi kí n tó kọ èyí. Ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú yín, ojú ewé kẹrin, lábẹ́ fọ́tò tí mo yà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí ojú mi wú nínú rẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní mo ní ẹ jẹ́ òpó tí kò yẹ̀, ẹ jẹ́ ìràwọ̀ tí kò wọ̀, àti oríṣìíríṣìí nǹkan mìíràn tó jẹ́ pé bí mo bá sọ ọ́ lójú yín, ẹ ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ẹ ó bi mí bóyá ibà ń ṣe mí. Mo mú báírò pupa, mo máàkì rẹ̀. Máàkì mẹ́rin nínú ogún ni mo fún un, méjì nínú mẹ́rin náà jẹ́ ti àánú. Alàgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú ló kọ ọ́, Àkànní àbúrò mi sì fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí ni tèmi.

Orí àga tí ẹ fi ń ránṣọ ni mo jókòó sí, lójú fèrèsé òkè. Bí mo bá na ọrùn díẹ̀, mo ń rí ibojì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá níwájú ilé. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí mo ń lọ sí òkè òkun, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yín ló wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò Bẹyẹrúnkà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi dín ohùn kù.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì sìn mí sọ́nà? Wọ́n ta bánà kan sẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mìṣọ́nárì wọn sí ilẹ̀ òkèèrè. Alàgbà gbàdúrà títí eékún mi fi kú. Ó ní èmi ni n ó lọ tan iná ìyìn rere tó ti kú nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀yin wà níjòkòó iwájú, ẹ sì wú ikọ́ yín yẹn, ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́, tí ẹ fi máa ń sọ fún oníwàásù pé ó tó. Màámi, pòtétò ni mo lọ ń bó. Odidi ọdún kan ni mo fi bó pòtétò. Mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mo bá wọn ka lẹ́tà ìjọba, mo bá wọn lọ sí ọsibítù, mo jókòó ti ẹni tó bá ń sunkún. Ilé ààbò fún àwọn obìnrin ni: ẹni tí ọkọ lù jáde, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ tàn dé òkè òkun tó wá di ẹrú nínú ilé onílé, ẹni tó lóyún tí kò ní ibi tó máa forí lé. Màgírẹ́ẹ̀tì, arúgbó òyìnbó tó ń ṣàkóso ibẹ̀, kì í wàásù rárá. Tíì ló máa ń pò. Ẹni tó bá wọlé, yóò gbé tíì lé e lọ́wọ́ kó tó bi í ní orúkọ. Bí iná kan bá wà tí mo tàn nílẹ̀ òyìnbó, iná kẹ́tù tíì ni.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń pè yín. Ẹ máa ń kígbe sínú fóònù bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn yín máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi. "Tíṣà! Ṣé òtútù ọ̀hún ò tíì pa ọ́?" Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu yín, ẹ kì í sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ kàn máa ń gbé fóònù sílẹ̀ láì pa á, ẹ ó padà sídìí máṣíìnì yín, èmi náà kò sì ní pa tèmi. N ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ pòtétò, n ó máa gbọ́ ìró máṣíìnì náà, n ó máa bó pòtétò lọ. N kò sọ fún yín rí pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí n kò sọ?

Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ni Bísí dé ilé náà, oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Oníyanrìn ni, ìlú wa kan náà. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń dá orin kọ ní kíṣíìnì, ló bá yọjú.

"Yéè, Yorùbá rèé! Màmá, ọmọ ibo lẹ jẹ́?"

"Bẹyẹrúnkà."

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kí ara yín bí ẹní ń jà!"

"Ọmọ Oníyanrìn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìwọ náà kọ́ lo jí gbogbo ilé láàárọ̀ yìí?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Màmá Tíṣà. Ó ń tẹ̀ lé mi kiri bí ọmọ adìyẹ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni àárọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni alẹ́. Màgírẹ́ẹ̀tì fún un ní òwú aláwọ̀ obì, ó wá ń fi hun kádígàn fún ìyá náà. Mo bi í pé ta ló ń wọ kádígàn ní Oníyanrìn nínú oòrùn. Ó ní ìyá òun máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ọ̀tá lè rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò ìyá rẹ̀ pe fóònù ilé náà, ó ní kí wọ́n fún òun ní àgbàlagbà Yorùbá tó wà níbẹ̀. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìyá Bísí ti lọ o. Àmọ́ ẹ bá wa bò ó. Ẹ̀yin náà ẹ wo ipò tó wà. Ẹ jẹ́ ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ ná."

N kò ronú ìṣẹ́jú kan. Mo ní mo ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe tọ́ wa: a kì í túfọ̀ fún aboyún, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Màgírẹ́ẹ̀tì ní kò dára, ó ní ìyá ẹni ni ìyá ẹni. Mo wá jókòó, mo fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé àṣà Yorùbá fún un, pẹ̀lú ìka tí mo nà sókè. Èmi tí mo ń fi Alàgbà ṣe yẹ̀yẹ́, mo sọ̀rọ̀ ju Alàgbà lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó lọ po tíì.

Nígbàkígbà tí Bísí bá pe ilé, wọ́n á ní màmá ń sùn. Tàbí kí wọ́n ní màmá lọ sí ìsọjí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lọ́wọ́ rẹ̀: "Màmá Tíṣà, àbí ìyá mi ń bínú sí mi ni?"

Mo ní, "Oorun àgbà nìyẹn, jàre. Jẹ́ kí màmá sùn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, Màámi. Ojú mi kò tilẹ̀ yẹ̀.

Ó bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, a kó oyin, iyọ̀, ṣúgà àti omi sórí tábìlì kíṣíìnì. Mo gbé fóònù sáàárín wọn kí àwọn ará ilé ní Oníyanrìn lè bá wa sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ni mo gbé ọmọ lọ́wọ́, tí mo ń ṣe bí àlùfáà. Bísí ní Ìfẹ́olúwa ni orúkọ tòun. Mo wá ní kí àwọn àgbà fi tiwọn kún un. Arúgbó kan nínú ẹbí gba fóònù lọ́hùn-ún, bóyá wọn ò kìlọ̀ fún un, bóyá ó gbàgbé. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo kíṣíìnì: "Yétúndé o! Yétúndé, káàbọ̀, ọmọ mi!"

Ẹnì kan lọ́hùn-ún kígbe pé, "Áà, Ìyá àgbà!" Wọ́n já fóònù gbà. Fóònù sì kú.

Àwọn obìnrin tó kù ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní orúkọ náà dùn létí. Àwa méjì péré ló mọ̀ pé wọn kì í sọ ọmọ ní Yétúndé nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ń bẹ láyé. Bísí kò pariwo. Ó wò mí.

"Ẹ mọ̀, Màmá Tíṣà."

Mo tún aṣọ tí a fi wé ọmọ ṣe.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò mí tí mò ń hun kádígàn. Ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

Mo gbé e fún un. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sọ ju ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ fún mi lọ. Ìyẹn náà, nítorí ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo ti kọ̀wé sí i láti ìgbà tí mo dé. Kò fèsì. Kò jẹ mí ní èsì kankan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé, mo sì ti ń yí i ká láti àárọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsọmọlórúkọ yẹn, mo pè yín. Àkànní ló gbé e. Ó ní, "Sìsí mi, Màmá ń sùn."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, Màámi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń sùn lọ́sàn-án, ó yẹ kí wọ́n fi jẹ ọba. Mo tẹ́tí, bóyá n ó gbọ́ máṣíìnì. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn Àkànní rí bí ohùn ẹni tó di omi sẹ́nu. Irọ́ tí èmi fúnra mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pa, wọ́n dá a padà fún mi bó ṣe wà, wọn ò tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Mo mọ̀. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, pòtétò wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀. N kò béèrè. Mo ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn tí wọ́n bá jí." Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n padà wálé. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo pè, tó ní ẹ ń sùn, tí mo ní ó dáa. Mo tilẹ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ olówùú fún yín. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣáà ti sọ ọ́, ẹ ṣì wà lórí àga yìí, ẹ ń fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú kí ẹ tó fi sójú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́, mo di ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà nínú kíṣíìnì àjèjì. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ bí mi, n kò sin yín.

Nígbà tí mo dé, mo bá Alàgbà àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní pálọ̀ wa, wọ́n jókòó bí ìgbẹ́jọ́. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá ayé. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ Mètúsélà nígbà tí mo bi í pé, "Níbo lẹ sin wọ́n sí?" Wọ́n ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin yín, nítorí ẹ ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹ kò ní bẹ̀rù òtútù láti kékeré kí ẹ wá kú tán kí wọ́n gbé yín sínú yìnyín mọ́ṣúárì. Òótọ́ ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Mo wá kọjú sí Àkànní. "Ìwọ! Ìwọ lo ń parọ́ fún mi! Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Ó dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, ó ń sunkún. "Sìsí mi, Màmá ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ parí iṣẹ́ Olúwa."

Mo ní, "Panu mọ́."

Gbogbo ilé ló káàánú mi. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ mí, wọ́n bá a wí lójú mi, mo sì jókòó síbẹ̀, mo gba àánú náà bí ẹni ń gba ẹ̀bùn. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, òkè ni mo wà, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Màámi? Àbí ọ̀nà tí Àkànní fi ń pẹ̀tù sọ́kàn èèyàn ni? Ṣé ẹ pè mí? Kí ni ó ṣe yín? Ta ló di ọwọ́ yín mú? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá mi lóhùn, èmi ni mo sì pa á lẹ́nu mọ́, nítorí bí mo bá jẹ́ kó la ẹnu rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ la tèmi.

Àkànní ti tibi iṣẹ́ dé. Mo ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń rọra bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Sìsí mi ti jẹun?" Ìyàwó ní, "O ò kúkú lọ bi wọ́n fúnra ẹ."

Mo fẹ́ gbé báírò yìí sílẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. N ó sọ fún un pé mo mọ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà n ó ní kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ kò lè dìde, kó má fo nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò sí nílé,
Tíṣà.