Kúbù Mẹ́ta Tí N Kò Fọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Kọ́ńpáàsì, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní pólì, ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa. "Ẹ̀yin ẹnjiníà àná, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé! Níbo lẹ wà? Kí lẹ kọ́? Orí ta ló ti pá?" Ó fẹ́ tẹ ìdáhùn wa sínú ìwé pélébé kan. Mo kà á. N kò fèsì. Ẹyin lohùn, mo di tèmi mú.

Ìṣẹ́gun, 5
Ìdáhùn ń wọlé. Ọ̀kan ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù. Ẹlẹ́ja — afárá ló ń kọ́ tẹ́lẹ̀ — ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ó ń sin ẹja. Ó ní ẹja kì í béèrè àwòrán ilé. Bíríkì, tí ó kọ́ ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé, fi ìlà mẹ́rìndínlógún yin ara rẹ̀, ó sì fi àwàdà tí ó ti ń dá láti ọdún mẹ́sàn-án parí rẹ̀: "Alákọsílẹ̀, ṣé ilé mi ṣì dúró?"
Èmi ni Alákọsílẹ̀. Láti pólì ni wọ́n ti sọ mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé mi kì í sọnù.
Mo dá a lóhùn bí mo ti máa ń ṣe: "Ó dúró jù ọ́ lọ."

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹgbẹ́ fẹ́ fi ẹ̀bùn sàmì sí ọdún náà: táǹkì omi, lítà ẹgbàárùn-ún, lórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí tí èmi àti Kọ́ńpáàsì bá wọn kọ́ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá nìyẹn, bí ó bá kún.
Kọ́ńpáàsì pè mí. Ó ní ọmọ òun obìnrin ni olórí àwọn agbẹ̀bí níbẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ omi kò jẹ́ kí ó fi òun lọ́rùn sílẹ̀. "Ìwé ìdánwò kọnkéré ìgbà yẹn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ, àbí? Fi ránṣẹ́ jàre, kí á mọ ohun tí òpó lè gbé."
Mo ní ó ń bẹ. Ó ń bẹ lóòótọ́. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 9
Kí n kọ ọ́ síbí, níwọ̀n bí n kò ti lè sọ ọ́ fún ènìyàn.
Bí a bá da kọnkéré òpó, a ó bù lára rẹ̀ sínú àpótí irin kékeré, yóò di kúbù, a ó sì rì í sómi. A ó fi ẹ̀rọ fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ keje, mẹ́ta ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí á mọ agbára rẹ̀. Ti ọjọ́ keje ní ilé ìgbẹ̀bí, mo fọ́ ọ. Kò lágbára tó bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà mo lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Àgbá omi tí mo rì wọ́n sí jò, kúbù mẹ́ta tó kù gbẹ nínú oòrùn. Wọn kò wúlò mọ́.
Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ti ọjọ́ keje, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀, yóò súnmọ́ tòótọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tó. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ó dín díẹ̀.
Mo tún jẹ́ kí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀ — kí ó lè jọ òtítọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Àìkú, 10
Ìyàwó mi béèrè ìdí tí n kò fi jẹun. Mo ní inú ló ń run mí. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹni tí inú ń run kì í máa wo òkè àjà."

Ọjọ́rú, 13
Mo lọ. N kò sọ fún Kọ́ńpáàsì. Mo mú òòlù ìdánwò lọ, èyí tí a ń tẹ̀ mọ́ kọnkéré tí yóò sì ta padà láti sọ bí ó ti le tó. Òpó mẹ́jọ ní ìsàlẹ̀. Mẹ́fà dára. Méjì tí ó wà ní yàrá ìrọbí — mo dán wọn wò ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kò le tó.
Ọmọ Kọ́ńpáàsì jáde wá kí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kàn án, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mẹ́ta la gbà láàárọ̀ yìí."
Táǹkì ti wà ní àgbàlá. Àbámẹ́ta ni wọn yóò gbé e sókè.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ó pẹ́ ni, ó yá ni, akólòlò yóò pe baba. Ọ̀la.

Ẹtì, 15
Mo fi ránṣẹ́, lójú gbogbo ẹgbẹ́:
"Ìdáhùn mi rèé. Mo wà láàyè. Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe. Èsì ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo fọwọ́ sí ní ilé ìgbẹ̀bí, orí ara mi ni mo ti rò ó. N kò fọ́ kúbù kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé táǹkì sókè. Ẹ kó àwọn aboyún kúrò láàárín òpó méjèèjì tó wà ní yàrá ìrọbí."
Gbogbo wọn ti kà á.
Kọ́ńpáàsì pè. Kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. "Ọmọ mi ti ń kó wọn jáde," ni ó wí. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Alákọsílẹ̀." Ó pa fóònù.

Àbámẹ́ta, 16
Táǹkì wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi igi ti òpó méjèèjì. Ẹnjiníà mìíràn ń bọ̀ wá wò wọ́n.
Èébú ni mo ń retí láti àárọ̀. Ẹlẹ́ja ni ó kọ́kọ́ pè. Kò kí mi. "Èmi náà ní ọ̀kan." Afárá. "Àbí kí lo rò pé ó gbé mi dé ìdí ẹja?"
Ní ọ̀sán, Bíríkì. Mo ń dúró de àwàdà rẹ̀. Kò dá a.
"Ṣé inú ilé lo wà?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Mú ìyàwó rẹ, ẹ bọ́ síta. Bí ẹ bá ti sọdá títì, kí o pè mí."
Òdìkejì títì ni mo ti ń kọ èyí, lórí àtẹ̀gùn aládùúgbò. Ìyàwó mi ṣì mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń béèrè ohun tí a ń wò.
N kò tíì pè é.