Bàbá Rẹ Ń Tọ́jú Ìríran De Kérésì

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1986.

Mobọ́lájí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú iṣẹ́ Èkó tí kì í tán. Ara mi le díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé yìí yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Àmín.

Lẹ́tà rẹ ìgbà Àjíǹde tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní níbi ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá yín rán yín lọ, wọ́n ní kí èèyàn kó iṣẹ́ tó bá jọra pọ̀, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí àkókò má baà ṣòfò. O ní ìdí nìyẹn tí o kò fi ní máa wálé lóṣooṣù mọ́, pé gbogbo rẹ̀ yóò di ẹ̀ẹ̀kan nígbà Kérésì. Mo ní kò burú, ọmọ tó kàwé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo hú gbogbo ẹ̀gẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín bá bàjẹ́. Gaàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣàì kan, ṣùgbọ́n èyí kan débi pé ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Mo tún kó ìkíni pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kí Ìyá Kúbúrátù, aládùúgbò wa, pé ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, ó dàárọ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní ibo ni mò ń lọ tí n kò ní padà.

Ti Bàbá rẹ ló wá ju tèmi lọ. O mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ojú ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí Bàbá tètè padà wá, Bàbá ní àwọn yóò dúró dè ọ́, kí ìrìn náà lè di ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní ojú kò yàtọ̀ sí owó inú báǹkì, pé bí àwọn kò bá ná ìwọ̀nba tó kù, yóò máa lé sí i. Ni wọ́n bá gba ìborùn mi, wọ́n fi di ojú. Bí a bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, wọ́n á dì í. Wọn kò wo oko mọ́, wọn kò wo èmi gan-an. Wọ́n ní àwọn ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, àwọn fẹ́ fi wo ojú rẹ nígbà Kérésì. Mo rò pé ọgbọ́n ni, èmi ni mò ń bá wọn so ó kó le.

Lánàá, òjò ń rọ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọ ìborùn náà. A tú u. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ní ṣé ilẹ̀ ti ṣú báyìí, kí ló dé tí n kò tan àtùpà. Mo ní kẹrosíìnì ló tán. Wọ́n ní kò burú, kí n tún un dì, kí àwọn má baà fi ìríran ṣòfò nínú òkùnkùn.

Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi. N kò lè sọ fún wọn pé ọ̀sán ni. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́. Mo ti jíṣẹ́. Kẹrosíìnì wà nílé, ó kún ìgò. Má fi owó náà rán awakọ̀ kankan, má sì dúró de Kérésì. Mú un wá fúnra rẹ, kí o sì sọ̀rọ̀ kí o tó wọlé, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ọ sọ́nà.

Èmi ìyá rẹ,
Rachel.